Mo fẹ́ máa gbé inú bọ́ọ̀sì, 380k ló wà lọ́wọ́ mi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀gá Charger (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ mi tán ná.

Fóònù ni mò ń tún ṣe, mo dẹ̀ ń ta charger, pouch, screen guard, gbogbo ẹ̀ náà. Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ láti ọdún tó kọjá, ọjà ni mò ń ná kiri, lónìí Orù, lọ́túnla Ìjẹ̀bú-Igbó, tó bá tún yá mo ti wà ní Ìkẹ́nnẹ́, àwọn ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún yẹn ni mò ń tẹ̀ lé. Yàrá kan ni mo gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́lípà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá láńlọ́ọ̀dù kanlẹ̀kùn kí n tó bọ́jú, ó ní 150k tí mò ń san lọ́dún ti di 350k, pé tí mi ò bá gbà á gbọ́ kí n lọ béèrè ládùúgbò. Mo lọ béèrè lóòótọ́. Kò parọ́. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé nínú ọjọ́ méje, bóyá ni mò ń sùn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nínú yàrá yẹn, ìyókù mo wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Àgó-Ìwòyè tàbí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìpẹru, torí owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ti fẹ́ ju èrè orí pouch lọ.

Àbúrò bàbá mi ní bọ́ọ̀sì L300 kan tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Òde-Rẹ́mọ láti bí ọdún méjì. Bírẹ́dì ni wọ́n fi ń kó tẹ́lẹ̀. Táyà ti wọlẹ̀, adìẹ kan dẹ̀ ti yé ẹyin sábẹ́ àga dírẹ́bà. Wọ́n ní tí mo bá lè gbé e kúrò níbẹ̀ kí n máa lò ó, ṣùgbọ́n àwọn ò ní fi kọ́bọ̀ kún un.

Mo ti ń wo fídíò àwọn òyìnbó tí wọ́n ń ṣe van life yẹn, bẹ́ẹ̀dì tó ń di tábìlì, omi ẹ̀rọ nínú mọ́tò, ajá kan á jókòó síwájú á máa wo òkun. Mo mọ̀ pé tèmi ò lè rí bẹ́ẹ̀. 380k ló wà lọ́wọ́ mi, owó ilé tí mo ti ń tù jọ wà nínú ẹ̀. Káfíńtà kan ti pe 140k fún bẹ́ẹ̀dì tó ní dúrọ́ọ̀ lábẹ́. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀? Ibo lèèyàn lè páàkì sí lóru tí wọn ò ní rò pé olè ni? Iná ńkọ́, ìwẹ̀ ńkọ́? Mi ò tíì ní ìyàwó o, kẹ́nikẹ́ni má bi mí.

Sípánà Rẹ́mọ (Ṣàgámù)

140k fún káfíńtà kẹ̀? Àbúrò, dáwọ́ dúró ná.

Gbogbo ẹni tó ń gbé irú mọ́tò báyìí wá bá mi, bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Tó o bá ń sùn sínú mọ́tò tí ò lè rìn, yàrá onípáànù lo gbà yẹn, ó dẹ̀ máa gbóná ju ti láńlọ́ọ̀dù ẹ lọ.

Kó o tó ṣe ohunkóhun, má sọ pé o fẹ́ sítáátì ẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò á ti máa pariwo ẹ jẹ́ ká tì í, ẹ jẹ́ ká yá bátìrì. Má gbà fún wọn. Epo tó ti wà nínú táǹkì fún ọdún méjì ti bàjẹ́, tó o bá gbóòórùn ẹ̀ wàá rò pé ọ̀dà ni, fà á dànù pátá. Tú àwọn pílọ́ọ̀gì, kán ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó o wá fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì yẹn lọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀. Tó bá yí, ṣọpẹ́. Tí ò bá yí, pè mí kó o tó ná ẹyọ náírà kan, torí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ nìkan lè gbé gbogbo 380k yẹn mì, kó tún máa wò ẹ́ lójú.

Tó bá yí, ó kan ọ́ìlì tuntun àti fítà ẹ̀, kí wọ́n tú kabúrétọ̀ fọ̀, kí wọ́n yẹ pọ́ǹpù epo wò. Tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá jẹ́ oníbẹ́líìtì nínú, pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn, má bá mi jiyàn, tó bá já lójú ọ̀nà fáàfù á tẹ̀, owó tó o rò pé o fi pamọ́ á di ìlọ́po mẹ́ta. Bíréèkì náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ pátá, ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi, àwọn sílíńdà kékeré inú díróọ̀mù yẹn á ti gan. Táyà ńkọ́, má wo ojú ẹ̀ nìkan. Nǹkan kan wà lára ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kó o kà, tó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n máa ń yí ẹ̀gbẹ́ yẹn sí inú.

Lẹ́yìn náà, wọ abẹ́ ẹ̀. Mú skudiráfà dání, gún ilẹ̀ mọ́tò yẹn kiri, pàápàá ibi tí táyà wà àti ibi àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ibi tó bá wọlé bíi kéèkì, ó ti dípẹtà nìyẹn. Wẹ́dà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú mọ́tò, káfíńtà ló máa ṣìkẹyìn, ọ̀rọ̀ tó kó mi wá síbí gan-an nìyẹn. Ẹnì kan ti gbé dáńfó wá fún wa rí, ó ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i, ó ti lẹ wọ́ọ̀lù pépà, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ó kù kí wọ́n jó ibi kan péré lábẹ́. Wẹ́dà tanná sí i, a ò mọ̀ pé kápẹ́ẹ̀tì ti ń jó lókè. Omi ìfọṣọ ìyàwó ẹni tó ń ta ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa la fi pa á. Ọ̀gbẹ́ni yẹn jókòó sórí táyà, kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun kan tún kù tó jẹ́ ti L300. Abẹ́ àga iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, o ní láti gbé àga sókè kó o tó rí i. Rọ́bà tó yí ìdérí yẹn ká, wò ó dáadáa, tó bá ti jẹrà, èéfín á máa wọlé bá ẹ. Mọ́tò tí wọ́n ń fi gbé bírẹ́dì, kò sí wàhálà, wíńdò ṣí. Ìwọ tó o fẹ́ máa sùn síbẹ̀, má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ tó o bá fẹ́ sùn, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èéfín yẹn ní oró kan nínú tí ò ní àwọ̀, kò lóòórùn, oorun ló fi ń gbé èèyàn lọ.

Bó bá jẹ́ èmi, nínú 380k yẹn, igi àti fóòmù ò ní kọjá 30k.

Ọmọ Alárè

Ẹ̀yin èèyàn ń gbà á nímọ̀ràn, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ìwọ ló fẹ́ máa gbé inú mọ́tò? Ìlú tí èèyàn ti ń kọ́lé kó tó gbéyàwó! Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, régbérégbé ẹ á wọ aṣọ, wọ́n á gun ẹṣin, ìwọ á máa yọrí látinú L300 bírẹ́dì. Wọ́n á bi bàbá ẹ pé ọmọ yín dà, bàbá á ní ó wà ní ilé epo. Lọ sanwó ilé ẹ jàre.

Ọ̀gá Charger (Ìjẹ̀bú-Òde)

@Sípánà Rẹ́mọ ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù sí i. Mo ti sọ fún káfíńtà pé kó fọwọ́ mọ́ ọn ná. Wàhálà tó wà ńlẹ̀ báyìí, adìẹ yẹn ń sàba. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ní kí adìẹ náà tó pa ọmọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan mọ́tò, àga tí adìẹ dẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀ náà lẹ ní kí n gbé sókè yẹn.

@Ọmọ Alárè ẹ̀yin lẹ máa san 200k tó fi lé? Ọjọ́ kẹta Iléyá tí Ojúde Ọba ń wáyé, ẹ wá bá mi wá òtẹ́ẹ̀lì tó ṣì ní yàrá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn tó ti Èkó wá, tí wọ́n wọ aṣọ olówó ńlá, àwọn kan nínú wọn inú mọ́tò ni wọ́n ń sùn mọ́jú, jíìpù ni tiwọn ṣá, a kì í sọ tiyẹn.

Ọmọ Alárè

😂 Ó yá, mo gbà. Àmọ́ bó o bá fẹ́ ṣe é, kun mọ́tò yẹn, kó má dà bíi mọ́tò tí wọ́n jí gbé.

Ìyá Gàrí (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Ọmọ mi, ohun tó o fẹ́ ṣe yìí, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é, a ò kàn pe orúkọ òyìnbó mọ́ ọn ni. Tá a bá kó gàrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ Ṣàgámù tàbí Mile 12, orí àpò la ń sùn, èmi àtàwọn obìnrin mẹ́rin mìíì, dírẹ́bà á sùn síwájú. Nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn lo béèrè, òun ni mo fẹ́ fèsì sí. Má dé ibi tó o fẹ́ sùn lálẹ́. Ìgbà tí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run ni kó o débẹ̀, kí àwọn ọmọdé rí ẹ, kí ẹni tó ń ta àkàrà rí ẹ, kó o ra àkàrà lọ́wọ́ ẹ̀, kó o bi í pé níbo ni ilé báálẹ̀. Lọ kí báálẹ̀, tàbí alága àdúgbò, sọ orúkọ ẹ, sọ ilé bàbá ẹ, sọ pé fóònù lò ń tún ṣe, pé òru kan péré lo fẹ́ fi sùn níwájú ọjà. Tí àwọn fijilanté tàbí So-Safe (ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn) bá ń kọjá, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kí wọn. Tó o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí nǹkan bá sọnù ládùúgbò lóru, wọn ò ní sọ pé mọ́tò àjèjì kan wà níbẹ̀, wọ́n á ní ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ni. Tó o bá lọ fara pamọ́ sábẹ́ igi, abẹ́ igi yẹn gan-an ni wọ́n ti máa fà ẹ́ jáde. Títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bẹnin yẹn, má gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sùn láéláé, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, wọ inú ìlú.

Kó o dẹ̀ máa béèrè ọ̀rọ̀ Orò. Èyí ṣe pàtàkì, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ ò kà á sí. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàgbákò ẹ̀ ní ìlú kan ní Rẹ́mọ, mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ti kéde ẹ̀ látọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ yẹn gan-an la wọ̀lú, kò sẹ́ni tó sọ fún wa, ọkọ̀ wa takú síwájú ọjà ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́. Nígbà tá a gbọ́ ohùn ẹ̀, dírẹ́bà tó jẹ́ ọkùnrin ti sáré wọlé onílé, ó fi àwa obìnrin márùn-ún sínú ọkọ̀. A da tapólì bo ara wa, a dojú bolẹ̀ lórí gàrí, gàrí ń wọ̀ mí nímú, mo fẹ́ sín, ẹnì kejì mi di imú mi mú. Títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìwọ ọkùnrin ni ẹ, ṣùgbọ́n àwọn òru kan wà tí wọn ò fẹ́ rí àjèjì níta, ọkùnrin tàbí obìnrin. Béèrè kó o tó páàkì.

Ti oúnjẹ, kí lò ń dáná fún? Gàrí Ìjẹ̀bú, ṣúgà, ẹ̀pà, omi tútù, ó tán. Tí ìkọ́kọrẹ́ bá ń wù ẹ́, lọ sílé ẹ̀gbọ́n ẹ, ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe oúnjẹ inú mọ́tò. Má tanná gáàsì nínú ọkọ̀ tó o tì pa, eléèédú ló wá burú jù. Ìwẹ̀, ọ̀pọ̀ gáréèjì ló ní ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ń gbowó. Mọ́ṣáláṣí náà máa ń ní omi, àmọ́ tọrọ kó o tó bù ú, kó o dẹ̀ bá wọn gbálẹ̀ níjọ́ kan, wọn ò ní gbàgbé ẹ.

Wáyà Àgó (Àgó-Ìwòyè)

Ẹ kú iṣẹ́ mà, ìtàn Orò yẹn 😭

Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ iná lèmi gbọ́. Mò ń kàwé ní OOU, sólà ni mo fi ń ran ara mi lọ́wọ́, mo ti ṣe é fún yàrá àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì tó pọ̀. Ẹ má kọ́kọ́ ra nǹkan kan, ẹ ṣírò nǹkan tẹ́ ẹ máa lò ná. Fóònù méjì lójúmọ́, ká sọ pé 30 watt-hour (ìyẹn wáàtì tí nǹkan ń jẹ, ní ìlọ́po wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́). Gílóòbù LED 5W méjì fún wákàtí 4, 40 nìyẹn. Fáànù 12V kékeré tó ń jẹ 20W, tẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí 8, 160. Irin ìjórin tẹ́ ẹ fi ń jó fóònù, 60W, ká fún un ní wákàtí kan, 60. Àròpọ̀ ẹ̀ 290. Ẹ wò ó pé fáànù nìkan ló jẹ ju ìdajì lọ, bẹ́ ẹ bá lè rí wíńdò tó gba atẹ́gùn, owó ńlá lẹ ti fi pamọ́ yẹn. Heat gun ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀, ìyẹn ń jẹ ju 300W lọ, ẹ máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí iná NEPA bá wà.

290 yẹn, ẹ pín in pẹ̀lú 12, ó jẹ́ bí 24Ah, Ah yẹn ni wọ́n fi ń díwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà. Bátìrì olómi, tẹ́ ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, ó máa kú kíákíá, torí náà ó kéré tán kẹ́ ẹ ra 50Ah, 75 ló tẹ́ mi lọ́rùn. Páńẹ́lì 100W, tá a bá fún un ní wákàtí 4 oòrùn gidi, 400 ni lórí ìwé, ohun tó máa wọ bátìrì lè má ju bí 300 lọ, inú òjò oṣù June sí July kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá. Tówó bá wà kẹ́ ẹ ra 150W. Ẹ má ra ìnfátà, òun fúnra ẹ̀ ń jẹ iná, gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn ló wà ní 12V tàbí USB, àfi irin ìjórin, ó dẹ̀ ní èyí tó jẹ́ 12V.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bátìrì tó ń sítáátì mọ́tò tan fáànù mọ́jú, tílẹ̀ bá mọ́ ẹ ò ní lè kúrò níbẹ̀. Kí fíúsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bátìrì níbi tí wáyà pupa ti jáde, kì í ṣe ní ìparí wáyà. Bátìrì olómi máa ń tú gáàsì tó lè gbiná tó bá ń gbaná, nítorí náà kó má wà lábẹ́ ìrọ̀rí yín nínú ibi tó pa dé. Tó bá jẹ́ páńẹ́lì àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ mú mẹ́tà lọ, ẹ gbé e sójú oòrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní 12V gbọ́dọ̀ mú bí 21 wá láìso nǹkan kan mọ́ ọn. Tó bá mú 14 wá tí olùtajà ń sọ pé oòrùn ò ràn dáadáa ni, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ọmọ Ìpẹru ní Leeds

Ẹ̀rín pa mí lórí ajá tó ń wo òkun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìlú Ọba níbí fún yín. Oṣù méje ni mo fi sùn nínú bọ́ọ̀sì Transit nígbà tí owó ilé ò ṣeé san, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí, ọ̀sán ni mo fi ń sùn. Níbí, mọ́tò tó bá ti ju ọdún 3 lọ gbọ́dọ̀ ṣe MOT, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá mọ́tò ṣì dáa lójú títì, lọ́dọọdún, tí wọ́n bá já a lulẹ̀ ilé ẹ ti lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí ló kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pé èèyàn ò gbọdọ̀ sùn mọ́jú. Àwọn tó ń ṣe fídíò ò ní fi ìgò tí wọ́n tọ̀ sí hàn yín.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú lọ ni ọ̀rọ̀ omi. Èémí èèyàn, omi ni. Tó o bá ti ilẹ̀kùn pa sùn, tílẹ̀ bá mọ́ páànù òrùlé á máa kán sí ẹ lójú, abẹ́ fóòmù á tutù, láàárín oṣù kan á ti hu funfun. Mo rò pé òtútù ibí ló fà á, àmọ́ nígbà tí mo wálé lóṣù July tá a sùn nínú mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà Ìlísàn tí òjò ò jẹ́ ká ṣí wíńdò, bákan náà ni. Nítorí náà fóòmù ò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀, nǹkan oníhò ni kó wà lábẹ́ ẹ̀, kí atẹ́gùn máa gbabẹ̀. Ṣí wíńdò méjì tó kọjú síra díẹ̀díẹ̀, fi nẹ́ẹ̀tì dí i.

Omi mímu ńkọ́, líta kan kílò kan ni o. Kẹ́ẹ̀gì 25 méjì, àádọ́ta kílò lò ń gbé kiri pẹ̀lú epo olówó iyebíye. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ẹni tó bá ń gbé ilé ẹ̀ kiri gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Pọn omi níbi tó o bá dé.

Sípánà Rẹ́mọ (Ṣàgámù)

Ará Leeds sọ òótọ́. Epo ló máa jẹ owó ilé tó ò san yẹn tó o bá ń wà á kiri lójoojúmọ́. Adìẹ ńkọ́?

Ọ̀gá Charger (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ má bínú, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti dákẹ́.

Adìẹ pa ọmọ méje. Mo ra páálí ńlá kan, ìyàwó àbúrò bàbá mi gbé wọn sínú ẹ̀ lóru, ọjọ́ kejì la fa epo dànù. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n Sípánà sọ, òórùn ọ̀dà. Ẹ́ńjìnnì yí lọ́wọ́. Mo kígbe débi pé àwọn ará ilé sáré jáde.

Bí owó ṣe lọ nìyí: táyà tòkunbọ̀ mẹ́rin 112k, kabúrétọ̀, pọ́ǹpù, bẹ́líìtì, ọ́ìlì àti iṣẹ́ ọwọ́ 96k, bíréèkì 38k, wẹ́dà 25k torí ẹnu àtẹ̀gùn ti jẹ tán pátá, bátìrì àti rẹ́wáyà 55k (eku ti jẹ wáyà iwájú), ìwé mọ́tò (páàtíkúlà) 30k, tí ìnṣọ́ránsì third party 15k wà nínú ẹ̀. 24k ló kù. Mo ra nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ̀gì omi kan àti kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò sí sólà. Iná tọ́ọ̀ṣì ni mò ń lò, @Wáyà Àgó, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù tó ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Mo bá kéréètì bírẹ́dì mẹ́jọ lẹ́yìn ilé, oníke, oníhò, bí ará Leeds ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo to mẹ́rin sọ́tùn-ún mẹ́rin sósì, mo fi wáyà so wọ́n pọ̀, mo gbé fóòmù yàrá mi lé e. Inú àwọn kéréètì yẹn náà ni ọjà mi wà. Náírà kan ò bá a lọ. Òórùn bírẹ́dì ṣì wà níbẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀.

Mo ti gbé yàrá fún láńlọ́ọ̀dù. Àwọn ẹrù mi tó kù wà nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìpẹru, ibẹ̀ ni mò ń lọ ní Sátidé lọ fọ aṣọ, lọ jẹun gidi. Mi ò kì í wà á lójoojúmọ́. Mo dá a sí ọ̀nà méjì, ọ̀sẹ̀ kan Orù, Àgó-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀sẹ̀ kejì apá Rẹ́mọ, kí n má máa gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

Òru àkọ́kọ́, mo ṣe bí Ìyá Gàrí ṣe wí. Ilé epo kan ní Ìkẹ́nnẹ́, mo débẹ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo kí máníjà, mo kí mẹ́gáàdì, mo ra epo 5k. Wọ́n gbà. Ooru mú mi títí di bí agogo mọ́kànlá, lẹ́yìn náà ó tutù. Agogo mẹ́ta òru, ẹnì kan ń kan páànù, kó, kó, kó. Ọkàn mi já. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó tún kàn án. Mo yọjú díẹ̀ lábẹ́ kọ́tìnnì, mẹ́gáàdì ni, ó na fóònù sókè. Ó ní òun ń gbọ́ rédíò, ó kàn kú ni, pé ṣé n lè bá òun wò ó. Eruku ló dí ojú charger ẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ yẹn mi ò tíì sanwó páàkì níbẹ̀.

Ohun kan ló ṣì ń dà mí láàmú, kì í ṣe ẹ̀fọn o, ẹ̀fọn ti lọ. Agogo méje àárọ̀ ni. Ìgbà yẹn gbogbo èèyàn ti ń kọjá, èmi ṣì ń wá ibi tí mo ti máa fọ ẹnu. Mo máa ń lọ́ra kí n tó ṣílẹ̀kùn.

Ìyá Gàrí (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Jí ní márùn-ún, ọmọ mi. Kí wọ́n tó jí, ìwọ ti wẹ̀.

Ọmọ Alárè

Ṣé o ti kùn ún?

Ọ̀gá Charger (Ìjẹ̀bú-Òde)

Òrùlé nìkan, funfun, kí ooru lè dín kù. Ìyókù ṣì kọ bírẹ́dì sára. Àwọn ọmọ iléèwé ní Orù máa ń dá mi dúró pé ẹ ta ọgọ́rùn-ún náírà fún wa.

Àdùkẹ́ Orù

Ẹ̀yin ni! Mo ti rí mọ́tò yẹn, mo rò pé bírẹ́dì ni lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ máa wà lọ́jà Orù lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ojú charger Tecno mi kì í gbaná àfi tí mo bá fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, èló lẹ ń gbà?